Ìwé Iṣẹ́ Alága Omi

Lẹ́ẹ̀kẹrin láàárọ̀ Túsìdeè yẹn, mo tún ka lẹ́tà náà, nǹkan kan sì tún há mi lọ́fun nínú rẹ̀ tí mi ò rí tú jáde. Lẹ́tà kúkúrú ni. Ó ní:

"Èmi Ìyá Islamiat, olùtọ́jú ìwé iṣẹ́ àdúgbò wa ní Agbowó, ni mo kọ èyí. Irọ́ ló pọ̀ jù nínú ìwé iṣẹ́ náà. Mọ́ṣúdù kò ṣe ìdajì ohun tó ní òun ṣe fún àdúgbò. Mọ́ṣúdù ló ní kí n máa kọ orúkọ àwọn tí kò wá síbi iṣẹ́. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo ti sọ ìwé náà nù kó má baà fi tan ará ìlú jẹ."

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìfọwọ́sí kankan, orúkọ lásán ló wà nísàlẹ̀.

"Mà, ẹ tún ti ń kà á," ni Sájẹ́ńtì Ahmed wí. Ó ń jẹ búrẹ́dì níwájú mi, èérún rẹ̀ ń já sórí fáìlì mi.

"Gbá èérún yẹn kúrò, Ahmed."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbémisọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí, ẹsẹ̀ mi máa ń wú tó bá ti di ọ̀sán, ó sì ti rẹ̀ mí. Olóṣèlú ló rẹ̀ mí jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ pósítà mọ́ ara ògiri ní Ìbàdàn yìí, mi ò tíì sinmi lópin ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn ún sọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́fààbọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn tó wá pọnmi bá Màmá Islamiat nílẹ̀ nínú ilé ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn. Orí Màmá ti fọ́, wọn ò sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ sí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìwé ti lọ, lẹ́tà yìí ló wà níbẹ̀.

Ìwé ọ̀hún sì kì í ṣe ìwé ṣeréṣeré. Ọdún mọ́kànlá ni Mọ́ṣúdù Gbádégẹṣin ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àdúgbò yẹn. Òun ló ń ṣíwájú àwọn tó ń kó gọ́tà lọ́jọ́ imọ́tótó, òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń pè é ní Alága Omi, òun ló ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní ìwé kíkà nírọ̀lẹ́, mọ́tò rẹ̀ ló sì ń gbé aboyún lọ sí ọsibítù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é àti ìfọwọ́sí àwọn tó rí i. Ní báyìí ó ń díje fún káńsẹ́lọ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè yìí gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ yẹ àwọn olùdíje wò ní Dùgbẹ̀, ẹni tí ò bá sì kó ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti ṣe fún ìlú wá, wọ́n á fa orúkọ rẹ̀ yọ.

Olùdíje náà rèé lọ́wọ́ wa, nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lánàá ni wọ́n lọ mú un. Ẹnikẹ́ni kò fọ́ àgádágodo ilé ẹ̀rọ omi. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà fún un: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Màmá níbi tí wọ́n ṣubú sí, èkejì jẹ́ ti Mọ́ṣúdù.

Ọ̀gá wa, DPO, tí mo fi ọdún méjìlá jù lọ, ti parí ẹjọ́ náà lórí àga.

"Mádáàmù, ọkùnrin yẹn rí lẹ́tà, inú bí i, ó ti ìyá arúgbó ṣubú. Kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kóòtù."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé torí lẹ́tà ló ṣe ti Màmá ṣubú, kí ló dé tó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún wa?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń bèèrè ẹran kejì.

"Aago kan ọ̀sán," ó ní. "Tí ẹ ò bá tíì rí nǹkan mìíràn, mo máa fọwọ́ sí i."

*

Nígbà tí mo dé ẹnu sẹ́ẹ̀lì, mo rò pé mo ṣìnà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn tí a tì mọ́lé tò lára ògiri bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń bu omi mu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló gbá ibí?"

"Alága ni o, mà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mú ní gáréèjì Challenge wí. "Wọ́n ní kálukú ló máa ní ọjọ́ tirẹ̀."

Háà! Kò tíì lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Inú bí mi, mi ò mọ ìdí tó fi bí mi.

Mọ́ṣúdù dìde. Ọkùnrin gíga, dúdú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ le koránkorán bíi ti bíríkìlà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Màmá Islamiat ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lajú?"

"Èmi ló ń bi ọ́ léèrè. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ omi, níbo lo máa ń fi sí?"

"Lára ìṣó ní pálọ̀ ilé wa, mà."

"Ta ló lè mú un níbẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ omi."

"Aago mẹ́fààbọ̀ àná, níbo lo wà?"

"Mo ń kó ìdọ̀tí gọ́tà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ojú ọ̀run ti ṣú, mo sì mọ̀ pé tí òjò bá rọ̀, omi máa wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀."

"Ta ló rí ọ?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rí mi, mà. Mi ò mú ìwé dání lọ́jọ́ yẹn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan. Bàbá àti Ìyá wa ti kú. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ring Road láti ọdún tó kọjá."

"Kí ló dé?"

"Ó ní òun kì í rí mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ bá mi wò ó bóyá Islamiat ti jẹun. Tó bá ti ń ronú, kì í jẹun."

Mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn sọ̀rọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Wọ́n máa ń búra, wọ́n máa ń sunkún, wọ́n máa ń dárúkọ àwọn ọ̀gágun tí wọ́n jẹ́ ìbátan wọn. Eléyìí ní kí n lọ wò ó bóyá ọmọ ẹlòmíràn ti jẹun. Mo ní kó jókòó, mo bá tèmi lọ.

*

Ahmed ti rìn yíká gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Agbowó, níwájú yunifásítì. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Kò sí èyí tó rántí lẹ́tà náà, torí wọ́n ń tẹ ìwé fún ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ lójúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rí mú bọ̀ ni pé Ṣọlápé, ẹni tó ń bá Mọ́ṣúdù du ipò káńsẹ́lọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà, ti sọ ọ́ níta gbangba níbi ìpàdé pé ìwé iṣẹ́ yẹn ò ní dé Dùgbẹ̀.

"Òun ni, mà," ni Ahmed wí. "Ó ti parí."

A lọ bá Ṣọlápé nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bódìjà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, pósítà rẹ̀ kún gbogbo ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ pé ìwé yẹn ò ní dé Dùgbẹ̀."

"Mo sọ ọ́. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má gbà á ni! Ṣé ẹni tó ń ṣe nǹkan fún Ọlọ́run ló ń kọ ọ́ sínú ìwé? Ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ rèé. Ẹ wo déètì rẹ̀."

Mo wo déètì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ Mọ́ńdè?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ring Road, àdúrà àárọ̀. Èmi ni mo ka Bíbélì. Ẹ lọ bi wọ́n, ẹni igba ló gbọ́ ohùn mi."

Mo bá ka lẹ́tà Màmá Islamiat sí i létí. Ó tẹ́tí sí i dáadáa. Nígbà tí mo kà á tán, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ta ni Mọ́ṣúdù?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ má bá mi ṣeré o. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, mà, ta ni?"

"Ẹni tí ẹ jọ ń díje! Alága Omi!"

"Alága Omi?" Ẹnu yà á ní tòótọ́. "Mọ́ṣúdù lorúkọ ẹ̀? Ẹ wò ó, ọdún mẹ́ta la ti ń bá ara wa fà á. M. A. Gbádégẹṣin ló ń kọ sára pósítà. Mo ti máa ń rò pé Múráínà ni."

Nígbà tí a jáde síta, Ahmed ní ká mú un. "Ojú ẹ̀ jọ tolè, mà."

"Ojú gbogbo wọn ló jọ ọ́, Ahmed. Bá wa dá Máíkírà dúró."

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, àfi ẹni tó ń du ipò pẹ̀lú ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́ta láì mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń ro ìyẹn lọ nínú mọ́tò, mo sì ń bínú sí ara mi pé mi ò mọ ohun tí mò ń rò.

*

Ọsibítù tí wọ́n gbé Màmá lọ wà lẹ́yìn Mọ́kọ́lá. Dókítà ní wọ́n máa yè, pé kí a ṣáà ní sùúrù, wọ́n lè má lajú títí di ọ̀la. Ọ̀la kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Islamiat, ọmọ wọn, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ ni, ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láti àná.

"O ti jẹun?" Ẹnu mi ló bọ́.

"Rárá, mà."

Mo ní kí Ahmed lọ ra nǹkan wá. Mo jókòó tì í, mo bọ́ bàtà mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní kò yẹ kí ìyá òun wà ní Agbowó rárá láàárọ̀ yẹn. Gbogbo ilé àwọn Gbádégẹṣin, níbi tí ìyá òun ti jẹ́ ìyàwó, ló mọ̀ pé wọ́n ń bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sí Ìgbòho. Wọ́n kàn fẹ́ tan ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó lọ ni, kí omi má baà wọ́n àwọn èèyàn.

"Ṣé màmá rẹ lè kọ irú lẹ́tà yìí?"

"Irọ́ ni, mà! Alága ló kọ́ wọn ní A-B-D. Wọn ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí i láéláé."

Gbogbo ọmọ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá wọn, mi ò sì lè fi ìyẹn dá ẹjọ́. Mo fẹ́ dìde ni fóònù mi bá dún. Àbúrò ọkọ mi ni, láti Ṣakí.

"Akọ̀wé, ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹ má bínú, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Màá pè yín padà nírọ̀lẹ́."

Mo pa fóònù. Mo jókòó padà gbọ̀ọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wọ ilé ọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọkùnrin yẹn nígbà tí mo dé. Mo nu imú fún un, mo wẹ̀ fún un, mo nà án nígbà tó jí ẹran jẹ. Síbẹ̀, torí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, ọkọ mi ló jẹ́, mi ò sì lè pe orúkọ rẹ̀. "Akọ̀wé" ni mo sọ ọ́, torí pé ó fẹ́ràn pẹ́ńsù. Kódà tí inú bá bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ fi í sùn ní tẹ́ṣàn, "Akọ̀wé" ni màá kọ sílẹ̀.

"Islamiat, ọdún wo ni màmá rẹ wọ ilé àwọn Gbádégẹṣin?"

"Ó ti tó ọdún méjìlélógójì, mà. Bàbá mi tó ti kú, àbúrò bàbá Alága, ló fẹ́ wọn."

"Alága ti wà láyé nígbà yẹn."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n máa ń fi í rẹ́rìn-ín pé òun ló da agbada epo nù níjọ́ ìgbéyàwó."

"Kí ni màmá rẹ ń pè é?"

"Adúmáadán," ó ní kíá. "Wọn ò pe orúkọ rẹ̀ rí, mà. Àní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, tí Alága ní kí wọ́n kọ orúkọ olùkọ́ wọn sójú pátákó, wọn ò kọ ọ́. Adúmáadán ni wọ́n kọ."

Mo wọ bàtà mi. Kò wọlé dáadáa, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

*

Mọ́kọ́lá ti dí. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ wà lósì, dẹ́rẹ́bà wa ń ṣépè. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mà, ṣé torí orúkọ nìkan?" ni Ahmed bi mí.

"Orúkọ nìkan. Ìwọ náà gbọ́. Ta ló ń pe Alága Omi ní Mọ́ṣúdù?"

"Gbogbo èèyàn."

"Ta ni? Ṣọlápé ò mọ̀ ọ́n. Ará àdúgbò ń pè é ní Alága. Islamiat, tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, Alága ló ń pè é. Àwa nínú tẹ́ṣàn ló ń pè é ní Mọ́ṣúdù, torí pé a gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pè é. Àwọn tó kéré sí i ò gbọdọ̀ pè é."

"Ó wá ku ta?"

"Ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilé, tó sì jù ú lọ. Ẹni tó ti ń pe orúkọ yẹn lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́, tí kò tún gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó ń ronú bí Màmá Islamiat, ó ń sọ̀rọ̀ bí wọn, àmọ́ nígbà tó kan orúkọ, bó ṣe ń pè é nílé ló tẹ̀ ẹ́."

Ahmed ń ka èèyàn lórí ìka rẹ̀. Bàbá ti kú. Ìyá ti kú. Bàbá Islamiat náà ti kú. Ìka kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lókè, ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin," ó ní. "Kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó ní pálọ̀ wọn."

Inú mi ò dùn. Mo ti rò pé tí mo bá rí ojútùú rẹ̀, ara mi á fúyẹ́ díẹ̀.

*

Ọláṣùmbọ̀ ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀ nígbà tí a wọlé. Obìnrin tó ń súnmọ́ ọjọ́ orí mi ni, ojú rẹ̀ wú. Kò bi wá pé kí la wá ṣe.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ṣé Màmá Islamiat ti lajú?"

"Wọn ò tíì lajú. Dókítà ní wọ́n máa yè."

Ó mí kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ẹ̀gbọ́n Alága, kí lẹ ń pe àbúrò yín?"

"Mọ́ṣúdù. Kí ni kí n máa pè é? Èmi ni mo pọ̀n ọ́n."

"Ta ló tún kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Ó la ẹnu láti dáhùn. Mo rí i bí ó ṣe ń wá orúkọ tí yóò dá, bí kò sì ṣe rí. Mo gbé lẹ́tà náà lé orí ìtẹ́dìí níwájú rẹ̀, mo fi ìka sí ibi méjì tí orúkọ yẹn wà.

"Màmá Islamiat ò kọ èyí," mo ní. "Wọn ò lè pe ọkọ wọn lórúkọ."

Ó wo lẹ́tà náà títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ yàrá kan lọ, Ahmed fẹ́ tẹ̀ lé e, mo dì í mú. Ó gbé ìwé gbàǹgbà kan jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá wa ni mo fi sí," ó ní. Ó ṣí i sí ojú ìwé kan láì wá a. "Ẹ ka ibí."

Mo kà á. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, oṣù kẹjọ, ọjọ́ kẹsàn-án. "Aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo gbé ìyàwó Ìdòwú lọ sí ọsibítù. Ó bí ọkùnrin. A dúpẹ́." Èèyàn mẹ́ta ló fọwọ́ sí i.

"Aago mẹ́ta ọ̀sán yẹn," ni Ọláṣùmbọ̀ wí, "Ìyá wa ń kú lọ lórí itan mi níbí yìí. Mo pè é nígbà méje. Kò gbé e. Ó ní òun ń wa mọ́tò. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ dé ilé ayé, ó dé lálẹ́, ó bá Ìyá nínú aṣọ funfun. Ó sọ pé innalillahi, ó lọ gba ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti wà nínú gọ́tà."

"Ẹ sọ fún un pé ó dùn yín?"

"Ìgbà wo? Ṣé mo máa ń rí i ni?" Ohùn rẹ̀ ga lójijì. "Wọ́n sì fẹ́ lọ ka ojú ìwé yìí ní Dùgbẹ̀ lónìí. Kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un."

"Kí ló dé tí ẹ ò ya ojú ìwé yìí nìkan?"

"Tó bá di káńsẹ́lọ̀, ṣé kò ní kọ òmíràn ni? Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, Ìnsípẹ́kítọ̀. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ta ló máa wà níbí? Mo ní kó ṣáà pàdánù ti òní yìí. Tí Màmá Islamiat bá fi máa ti Ìgbòho dé, tí wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn kọ ọ́, aago méjì á ti kọjá."

"Wọ́n wá bá yín níbẹ̀."

Ó fi ìborùn bo ojú. "Wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n dá a padà fún Adúmáadán. A fa ìwé mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, ewédò ti hù sí i. Mo gbọ́ bí orí wọn ṣe dún. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ wá pọnmi, mo bá sá."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti àbúrò yín mọ́lé láti àná, ẹ jókòó, ẹ ń ṣa ẹ̀wà!" Inú bí mi gan-an ni, mi ò sì fi pamọ́.

"Mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa." Ó mú ìborùn kúrò lójú. "Ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti mọ ibi tó wà. Fún ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

*

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé tẹ́ṣàn. Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sílẹ̀, kò sọ pé mo ṣe dáadáa. Ó ní ká tú Mọ́ṣúdù sílẹ̀. Ẹ̀rí ni ìwé náà jẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kí Ahmed bá a gbé e lọ sí Dùgbẹ̀, kí wọ́n wò ó, kó sì gbé e padà. Tí wọ́n bá bọ́ sójú ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á bá aago méjì.

Mo mú Mọ́ṣúdù jáde wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọ́fíìsì mi. Mo sọ fún un bó ṣe jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ojú ìwé oṣù kẹjọ. Kò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó gbọ̀n sókòtò rẹ̀, ó dúró ṣánṣán níwájú tábìlì.

"Mà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ti Màmá ṣubú."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọn ò lè sun ibí."

Ó ti rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́. Ọlọ́run mi, ọkùnrin yìí tún ti yọ̀ǹda ara rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, panu mọ́!" Ọláṣùmbọ̀ ti dìde. "Mi ò fẹ́! Mi ò fẹ́ kó o ràn mí lọ́wọ́! Ṣé ará àdúgbò ni mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín."

"Má ṣe nǹkan kan fún mi. Jókòó."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ahmed dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá, ó ń fi ojú sọ fún mi pé àkókò ń lọ. Mọ́ṣúdù wo ìwé náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí, ó gbé e sórí itan, ó tún gbé e kúrò.

"Mà, aago kan àbọ̀ o," ni Ahmed wí.

Ọláṣùmbọ̀ ti jókòó padà, ó kẹ́yìn díẹ̀ sí àbúrò rẹ̀. Mo mú pẹ́ẹ̀nì kí n lè gba ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀, torí pé iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ dáhùn fún orí Màmá Islamiat tó fọ́. Mi ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ tán tí Mọ́ṣúdù fi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìyá sọ nǹkan kan?"

"Ọdún mẹ́rin, o ò bi mí rí."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń bi yín báyìí."

Ọláṣùmbọ̀ yíjú sí i díẹ̀. Mo ti gbé pẹ́ẹ̀nì kúrò lórí ìwé.

"Wọ́n bèèrè rẹ. Mo ní o ti dé, pé o ń fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ níta. Wọ́n ní kí n má kán ọ lójú, kí n jẹ́ kó o fọ̀ ọ́ tán."

Mọ́ṣúdù di etí bẹ́ǹṣì mú. Mo ní kí Ahmed jáde, kó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí aago méjì lù, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀.